Àpótí Pásíwọ́ọ̀dù Lórí Fóònù: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Un Rọrùn Láìṣílẹ̀kùn fún Olè

Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi mí jù, yálà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí, tàbí nígbà tí mo bá lọ sílé ní Òmù-Àrán. Èkíní ni pé: “Ṣé kò léwu kí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù mi wà lójú kan?” Èkejì máa ń wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bá ti bá ènìyàn tò ó: “Kí ló dé tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ gígùn yẹn lọ́wọ́ mi ṣáá? Mo ti yọ ọ́ kúrò o.”

Àpótí pásíwọ́ọ̀dù ni mo ń pe áàpù bíi Bitwarden tàbí èyí tí Google fi sórí fóònù yín. Ẹ̀yin á há kọ́kọ́rọ́ kan sórí, òun á há ìyókù. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá ti àpótí rẹ̀ le jù kì í pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀, á sì padà sí pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún ohun gbogbo. Ẹni tó bá ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ gbagada náà ń dúró de ọjọ́ tí fóònù á bọ́ sínú kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ wa lónìí ni láti yan èyí tó yẹ kó rọrùn àti èyí tó yẹ kó le.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́:

- wákàtí kan tí ẹ lè fi jókòó, pẹ̀lú bátìrì tó kún
- ìwé funfun kan àti bírò
- ímeèlì tí ẹ̀yin fúnra yín lè wọ̀

Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé káfè ló bá wọn ṣí ímeèlì nígbà JAMB, tí wọn kò mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ títí dòní. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn ná kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìpele kìíní: fóònù gan-an ni ilẹ̀kùn ìta

Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní òkè òkun. Èyí tó ń ṣe wá níbí jù ni fóònù tí wọ́n já gbà, fóònù tí a gbé fún atúnfóònùṣe, àti ọmọ ilé tó mọ PIN. Tí ilẹ̀kùn yìí bá wà ní ṣíṣí, àpótí tó wà nínú rẹ̀ kò lè ṣe púpọ̀.

1. Ẹ yí PIN fóònù yín sí nọ́ńbà mẹ́fà, ó kéré tán. Kì í ṣe ọdún ìbí, kì í ṣe PIN káàdì ATM. Nọ́ńbà mẹ́rin lè tò pọ̀ ní ọ̀nà 10,000; mẹ́fà lè tò pọ̀ ní ọ̀nà 1,000,000. Ẹ fi ilà tí a ń fi ìka fà sílẹ̀ pátápátá: ẹni tó jókòó tì yín nínú kẹ̀kẹ́ lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rá ìka sì máa ń fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn lórí gíláàsì.
2. Ẹ ka iye ìtẹ̀ka tó wà lórí fóònù náà. Ẹ yọ ti ọmọ, ti ọkọ tàbí ìyàwó, ti àbúrò tó bá yín tò ó lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Kì í ṣe àìfọkàntán. Ìka tó ń ṣí fóònù lè ṣí àpótí.
3. Nínú Settings, ẹ lọ síbi Notifications, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ń wọlé pamọ́ nígbà tí ojú fóònù bá wà ní títì. OTP báǹkì, ìyẹn kóòdù ìgbà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kò yẹ kó máa hàn lórí fóònù tó wà lórí tábìlì.
4. Ẹ ti síìmù náà. Ẹ wá “SIM lock” nínú Settings. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè á kàn yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀, OTP á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ lórí ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tí síìmù bá dé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ín. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì, yóò sì máa béèrè PUK, kóòdù mìíràn tó ń ṣí síìmù tó bá tì. Tí ẹ bá tẹ PUK náà ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn.

Ìpele kejì: ẹ yan àpótí kan

*Google Password Manager* ti wà lórí Android yín. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní wàhálà. Ibi tó kù sí ni pé PIN fóònù kan náà ló ń ṣí i, nítorí náà ẹni tó mọ PIN yín mọ ohun gbogbo. Áàpù *Passwords* ti Apple, tó jáde pẹ̀lú iOS 18 ní 2024, náà máa ń gba PIN fóònù tí ojú tàbí ìka bá kọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá tan Stolen Device Protection, ojú tàbí ìka yín nìkan ló lè ṣí i nígbà tí fóònù bá kúrò níbi tó mọ̀ dáadáa, bí ilé tàbí ibi iṣẹ́.

*Bitwarden* ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò ka iye pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi sí i tàbí iye fóònù tí ẹ fi ń lò ó. Òun ni mo ń lò, òun ni n ó sì fi ṣàpẹẹrẹ.

*KeePassDX* wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Fáìlì kan ni, orí fóònù yín ló wà, kò jẹ dátà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fóònù lọ, fáìlì lọ.

Ẹ ó béèrè pé tí wọ́n bá ja iléeṣẹ́ tó ni àpótí lólè ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2022, àwọn olè kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà LastPass lọ. Àwọn pásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ wà ní dídì, kọ́kọ́rọ́ oníkálukú nìkan ló lè tú u. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrú tàbí tó rọrùn láti mọ̀ ni ewu ń lépa. Ẹ rí ìdí tí ìpele tó kàn fi ṣe pàtàkì.

Ìpele kẹta: kọ́kọ́rọ́ àpótí

Èyí nìkan ni mo ní kí ẹ fi ara ṣe. Bitwarden kò ní gba ohun tí kò tó lẹ́tà 12, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò jọ mọ́ ara wọn.

1. Ẹ mú ìwé Yorùbá kan tó nípọn.
2. Ẹ dijú, ẹ ṣí i síbi tó bá ṣí sí, ẹ fi ìka lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kìíní. Tó bá jẹ́ “ni” tàbí “tí”, ẹ tún un ṣe.
3. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó lè jáde báyìí: *kanga ewuro taya ibepe agogo*. (Ẹ má lo èyí o, mo ti kọ ọ́ síta.)
4. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè má ní “ẹ” tàbí “ọ”.
5. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé funfun tí ẹ ní lọ́wọ́. A ó padà síbi tí ìwé náà máa wà.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù níbí ni pé ènìyàn á mú òwe tàbí oríkì ìlú rẹ̀. “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà” gùn lóòótọ́, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ Kùránì tàbí Bíbélì náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn lè parí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ìpele kẹrin: ẹ tò ó

1. Ẹ gba Bitwarden láti Play Store tàbí App Store nìkan. Ẹ má gba èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó.
2. Ẹ ṣí àkáńtì pẹ̀lú ímeèlì yín, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà. Níbi tó ti ń béèrè ohun tó máa rán yín létí rẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan.
3. Nínú Settings ti fóònù, ẹ tẹ “autofill” síbi tí a ti ń wá nǹkan, kí ẹ sì yan Bitwarden. Láti ìsinsìnyí, òun ni yóò máa bá yín kọ pásíwọ́ọ̀dù síbi tó yẹ.
4. Ẹ fi ímeèlì yín ṣe àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí àpótí fúnra rẹ̀ hun pásíwọ́ọ̀dù tuntun tó ní lẹ́tà 20, kí ẹ fi rọ́pò ti àtijọ́.
5. Ẹ má gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọ ibì kan ni kí ẹ yí tibẹ̀. Láàárín oṣù kan, èyí tí ẹ ń lò ti wọlé tán.

Tí autofill bá ń ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ wo ètò bátìrì kí ẹ tó bínú sí áàpù. Àwọn fóònù Tecno, Infinix àti itel kan máa ń pa áàpù tí kò sí lójú láti fi iná pamọ́. Ẹ yọ Bitwarden kúrò lára àwọn tí wọ́n ń pa.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò. Tí ẹ bá dé ojúlé kan tó jọ ti báǹkì yín, tí àpótí kò sì fẹ́ kọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ dúró. Àdírẹ́sì ni ó ń wò, kì í wo àwọ̀ tàbí àmì báǹkì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ líǹkì ayédèrú ni. Ẹ má kọ́pì rẹ̀ lọ fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ nítorí pé ẹ ń kánjú.

Ìpele karùn-ún: ìrọ̀rùn àti ìṣọ́ra

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ sí Settings inú Bitwarden, ẹ tẹ Account security. Ẹ ó rí ohun mẹ́ta tó ń bá ara wọn rìn: ìka, PIN, àti àkókò tí àpótí máa fi ti ara rẹ̀.

*Ìka.* Ẹ tan án. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn lè fara da kọ́kọ́rọ́ gígùn. Tí ẹnìkan bá fi ìtẹ̀ka tuntun kún ti fóònù náà, Bitwarden á kọ ìka sílẹ̀, á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ gan-an. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi kún un, ẹ wádìí. Ẹni tí iṣẹ́ ti jẹ ìka rẹ̀, bí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada tàbí ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì, fóònù lè máà dá ìka rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ẹ forúkọ ìka kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ lo PIN.

*PIN àpótí.* Kò gbọdọ̀ jẹ́ PIN fóònù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ilẹ̀kùn méjì ti di ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún tí a bá tẹ̀ ẹ́ ṣì, àpótí á lé ènìyàn jáde pátápátá, èyí sì dára.

*Àkókò.* Ìmọ̀ràn mi rèé, gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe ń gbé ayé:

- Ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó, kì í kúrò lára yín: ìṣẹ́jú 5, pẹ̀lú ìka.
- Ọmọ ń gbà á wo eré, tàbí ó máa ń wà lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù: kó tì lójú ẹsẹ̀ (Immediately), pẹ̀lú ìka.
- Fóònù iṣẹ́ POS tí ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ jọ ń lò: ẹ má fi àpótí tiyín síbẹ̀ rárá. Ẹ ṣí àkáńtì mìíràn fún iṣẹ́.
- Never: ẹ má yàn án láé.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ nípa Never. Ìgbà kan wà tí gíláàsì fóònù mi fọ́, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Ìlọrin níbí. Wọ́n ní kí n kọ PIN mi sórí bébà, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan ń fi ìka ti àwọn àwòrán mi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń fi han ẹnì kejì rẹ̀. Àpótí mi wà ní Never nígbà yẹn. Ẹni tó bá kàn tẹ̀ ẹ́ á rí ohun gbogbo. Nǹkan kan kò sọnù, ṣùgbọ́n ojú mi kò fi oorun ba lálẹ́ ọjọ́ náà: mo jókòó yí pásíwọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀.

Tí ẹ bá ń gbé fóònù lọ fún àtúnṣe, ẹ yọ síìmù, ẹ jáde kúrò nínú àpótí (Log out, kì í ṣe Lock), kí ẹ sì tan ètò àtúnṣe tí fóònù bá ní in. Maintenance mode ni Samsung ń pe tirẹ̀. Repair mode ni ti Pixel. Tí fóònù yín kò bá ní in, ẹ jókòó tì í kí wọ́n tún un ṣe lójú yín.

Àpótí kan kò ní kí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rọrùn bákan náà. Ẹ rò ó bí ilé: àlejò ń dé pálọ̀, kì í dé ìyẹ̀wù. Facebook, ojúlé ìtajà, pọ́tààlì ilé-ìwé, ti pálọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí ìka nìkan ṣí wọn. Ímeèlì, áàpù báǹkì, ohun tó kan NIN, ti ìyẹ̀wù ni. Fún ìwọ̀nyẹn, ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Edit, ẹ tan “Master password re-prompt”. Bí àpótí tilẹ̀ wà ní ṣíṣí, yóò tún béèrè kọ́kọ́rọ́ kó tó fi wọ́n hàn. Márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni kí ẹ fi í sí. Tí ẹ bá fi í sí gbogbo rẹ̀, á sú yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun mẹ́ta ni kò wọ àpótí rárá: PIN fóònù, PIN káàdì, àti PIN tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́. Ẹ há wọn sórí.

Àṣìṣe tó ń ti ènìyàn mọ́ta

*Kí kọ́kọ́rọ́ di ìgbàgbé.* Ìka rọrùn débi pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ márùn-ún ti fò lọ. Iléeṣẹ́ Bitwarden kò lè bá yín yí i padà, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tèmi.

*Kí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì wà nínú àpótí nìkan.* Tí ẹ bá fẹ́ ṣí àpótí lórí fóònù tuntun, tí ẹ kò sì tíì tan ìdáàbòbò onípele méjì (two-step login, tó ń béèrè ohun kejì lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́), kóòdù ni Bitwarden máa fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ímeèlì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú àpótí, àpótí ń béèrè kóòdù tó wà nínú ímeèlì. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì náà sórí ìwé kan náà.

*Kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, tàbí kí ẹ ya àwòrán rẹ̀.* Àwòrán inú fóònù kì í pẹ́ bọ́ sí ibi mìíràn.

*Kí ẹ máa yí pásíwọ́ọ̀dù lóṣooṣù.* Kò pọn dandan. Ẹ yí i tí wọ́n bá jí i tàbí tí ẹ bá fura.

Tí áàpù kò bá bá ẹni náà lára mu

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Alhaja, ń ta aṣọ-òkè ní Òkèlélé. Orí WhatsApp àti Facebook ni àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Èkó ti ń rí i. Nígbà tí mo fẹ́ bá a tò ó, ó wò mí: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọjọ́ orí mi yìí ni n ó máa há kọ́kọ́rọ́ fóònù sórí?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mọ̀mọ́. Ìwé lẹ ó lò.”

Ìwé pélébé kan ló ń lò báyìí. Pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, ó sì ń fi lẹ́tà mẹ́rin kan kún ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò kọ sínú ìwé náà rí. Orí rẹ̀ ló wà. Inú àpótí irin tó ń kó aṣọ sí ni ìwé náà ń gbé, kì í bá a lọ sọ́jà. Èyí dára ju pásíwọ́ọ̀dù kan fún ohun gbogbo lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí fóònù bá sọnù

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò:

1. Ẹ yá fóònù, ẹ pe báǹkì, kí wọ́n dí àkáńtì. Ẹ ti kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé ṣáájú.
2. Ẹ pe iléeṣẹ́ síìmù, kí wọ́n dí i.
3. Ẹ lọ sí android.com/find, tàbí icloud.com/find fún iPhone. Ẹ ti fóònù náà. Tí ìrètí kò bá sí mọ́, ẹ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́.
4. Ẹ wọ vault.bitwarden.com láti orí ẹ̀rọ tí ẹ fọkàn tán, kì í ṣe ti káfè. Nínú Settings, lábẹ́ My account, ẹ tẹ “Deauthorize sessions”. Ìyẹn á lé gbogbo fóònù tó wà nínú àpótí yín jáde.
5. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, lẹ́yìn náà ti báǹkì.
6. Ẹ mú NIN lọ gba síìmù padà.

Ìwé tí a kọ ní ìpele kẹta ló ń jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kẹta dé ìkarùn-ún ṣeé ṣe. Ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ márùn-ún náà, ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, nọ́ńbà báǹkì, àti kóòdù ìdápadà tí Bitwarden fún yín tí ẹ bá ti tan ìdáàbòbò onípele méjì. Ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ àti sáfíkéètì yín, kì í ṣe sínú páálí fóònù. Tí ilé yín bá wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tí ẹ sì ń gbé Ìlọrin, ẹ̀dà kan lè wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lẹ àpòòwé náà pa, ẹ yá fóònù ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ gbé tiyín sí yàrá kejì, kí ẹ fi ohun tó wà lórí ìwé náà nìkan wọ àpótí yín. Tí ẹ bá wọlé, ẹ jáde kúrò lórí fóònù náà, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ pa. Tí ẹ kò bá wọlé, ọ̀rọ̀ kan ti ṣì níbẹ̀. Ẹ tún un kọ nígbà tí fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́.